Aṣọ Tuntun Ìyá Àgbà

Télọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà wa ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó rí òwú ki bọ abẹ́rẹ́.

"Omi tún kẹ̀?" Ìyá àgbà já ife gbà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Bó ṣe ń mu ún náà ló ń ṣu ún. Jẹ́ kí ikùn rẹ̀ sinmi!"

Láti òwúrọ̀ ni ọmọ-ọmọ Ìyá àgbà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Bó bá sunkún, omijé ò jáde mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà.

Ibẹ̀ ni télọ̀ bá wọn. Iléèwòsàn àdúgbò ti kọ́ ọ ní ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Ó yọ ọ̀kan nínú àpò rẹ̀.

"Ìwọ!" ni Ìyá àgbà wí. "Aṣọ mi tó o gbà láti ìjelòó, o ò rí i rán, ọmọ lo wá fẹ́ tún ṣe?"

"Mo ti rán an, Màmá. Òun rèé. Ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò."

Kí Ìyá àgbà tó jáde ní yàrá, télọ̀ ti po oògùn náà.

"Ṣíbí kan, sinmi díẹ̀, ṣíbí mìíràn," ló sọ fún ìyá ọmọ. "Bó bá bì, dúró díẹ̀, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ là ń dá padà. Máa fún un lọ́mú náà. Bí kò bá tọ̀ láìpẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn."

Ìyá àgbà jáde. "Apá aṣọ yìí fún mi."

"Ẹ nawọ́ sókè, Màmá. Ẹ yí padà. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà." Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀.

"Ṣé ẹ rò pé mi ò rí yín ni?"

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti di ṣíbí mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyá àgbà wò ó títí, ó jókòó. "Gbé e wá. Ẹ̀ ń ṣe bí ẹni ń kán epo sí ẹ̀rọ."

Ó ń fún un lọ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí Ìyá àgbà tó figbe ta.

"Kí ló dé?"

"Ó tọ̀! Ó tọ̀ sí mi lára!"

Aṣọ tuntun ti rin gbindingbindin. Ìyá ọmọ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbé ọmọ sókè, ó ń jó. "Tún tọ̀, ọkọ mi! Tọ̀ sí i!"

"Síǹkì rèé, hóró oògùn ìgbẹ́ gbuuru," ni télọ̀ wí. "Ẹ máa fún un lójoojúmọ́ títí yóò fi tán, bí ìgbẹ́ náà bá tilẹ̀ dá. Màmá, ẹ bọ́ aṣọ yẹn kí n bá yín fọ̀ ọ́."

"Fọ kí ni?" Ìyá àgbà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó mú oògùn oníyọ̀ kan nínú àpò télọ̀. "Ọmọ káfíńtà ẹ̀yìnkùlé náà ń ṣu látàná. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fún un lómi."

Ó ti bọ́ síta, ìtọ̀ ń kán létí aṣọ rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.