Àtíkè Àyà Adéọtí

Funfun báláú ni àtíkè tó wà láyà Adéọtí. Funfun lọ́rùn, funfun lábẹ́ abíyá, funfun yí ọmú òsì ká, níbi tí kókó kan jókòó sí tí ò fẹ́ lọ. Abídèmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ: bó o bá máa bọ́ṣọ fún dókítà, wẹ̀ kó o mọ́, kó o sì kun àtíkè.

Ó dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọmú. Ẹ̀rọ náà tutù, ó le, ó tẹ ọmú pẹlẹbẹ. Adéọtí gé ètè jẹ. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á lẹ́rù. Ọmú òsì náà ló dun Abídèmí, irú kókó yìí náà ni, jẹjẹrẹ ló sì pa á. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó kàn mí náà. Àdúrà rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mojírọ́lá, ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán, bojú wo ohun tí ẹ̀rọ yà. Háà! Wóró funfun níhìn-ín, wóró funfun lọ́hùn-ún, bí iyọ̀ tó dà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, irú wóró bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ àmì jẹjẹrẹ nígbà mìíràn. Ẹlòmíràn ì bá ti máa mi orí. Mojírọ́lá ò mi orí. Ó wo àwòrán, ó wo Adéọtí, ó rọra fi ìka kan nu àyà rẹ̀. Ìka náà funfun. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi ọṣẹ fọ àtíkè yìí kúrò, ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó ń ṣoge.

Ẹ bá mi kí ọmọ yìí jàre! Ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Omi ń ṣàn, àtíkè ń lọ, Adéọtí ń tún àdúrà rẹ̀ gbà. Ẹ̀rọ tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gé ètè jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wóró kankan ò sí. Kókó nìkan ló kù, ó rí roboto, etí rẹ̀ dán, kò na ẹsẹ̀ síbì kankan. Jẹjẹrẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Etí tirẹ̀ a máa rí págunpàgun. Dókítà wò ó títí, ó tún un wò. Ó ní kókó lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kó ṣáà máa wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Adéọtí jókòó gbì, ó sunkún. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́: ká ní ẹ̀gbọ́n òun tètè dé iwájú ẹ̀rọ yìí ni! Mojírọ́lá fún un láṣọ rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ẹkún fi dá.

Adéọtí wá mú àtíkè jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó kùn ún sọ́rùn, ó kùn ún sábẹ́ abíyá, ó kùn ún yí ọmú òsì ká, níbi tí kókó náà jókòó sí tí ò bà á lẹ́rù mọ́. Funfun báláú, bí Abídèmí ṣe kọ́ ọ.