Kabúrétọ̀ Tí Wọ́n Tú ní Abuloma

Ìyá Ramlah ni wọ́n ń pe Àdíját ní Elekahia. Ọmọ Ìlọrin ni, iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe. Datsun píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló fi ń gbé búrẹ́dì kiri, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Lọ́dún 2011, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dójú tì í. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, á gbọ̀n, á kú. Lọ́jọ́ kan, ó kú sójú ọ̀nà ní Rumuola tòun ti búrẹ́dì gbígbóná lẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá ló bá a tì í dé ọ̀dọ̀ Jàmíù.

Jàmíù, mẹkáníìkì ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò kánjú. Ó yọ àwọn plọ́ọ̀gì wò, wọ́n dára. Ó pààrọ̀ fíltà epo. Ó tú ọ̀pá epo kúrò lára kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, ó ní kí Ìyá Ramlah sítáàtì, epo sì tú jáde dáadáa sínú ike, tó fi hàn pé pọ́ǹpù kò lẹ́bi. Ó wá tú kabúrétọ̀ palẹ̀, ó fọ gbogbo ihò rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì tò ó padà. Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa díẹ̀, ó tún padà sí bó ṣe wà.

Ó ti sú Ìyá Ramlah. Ó ní òun máa tà á fún àwọn oní-kọ̀ǹdẹ́mù tó ń ra ògbólógbòó irin.

Jàmíù bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó sì ro ọ́ìlì díẹ̀ sí ìdí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí ẹnu kabúrétọ̀ tó sì ń pa á dé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n fara balẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì náà fà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jàmíù ṣàlàyé fún Ìyá Ramlah pé ihò tí irin náà ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ, ó ti fẹ̀, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ọ́ìlì ló ń bá a dí i.

“Fífọ̀ ò lè ṣe é mọ́, Ìyá Ramlah,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn.”

Wọ́n wá a títí. Ọkọ̀ òde òní kì í lo kabúrétọ̀ mọ́, tuntun tí wọ́n sì rí kò bá ibi tó máa jókòó sí lórí ẹ́ńjìnnì mu. Oníbàárà kan ló sọ fún Ìyá Ramlah pé irú Datsun rẹ̀ wà ní Abuloma, nínú ọgbà opó kan tó ń jẹ́ Ibinabo.

Òun àti Jàmíù lọ síbẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ náà lábẹ́ igi, àwọ̀n ẹja kún ẹ̀yìn rẹ̀. Pijin ni wọ́n jọ sọ. Ibinabo ní ọkọ òun ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Jàmíù ti ń yí padà láti lọ nígbà tí Ìyá Ramlah béèrè irú awakọ̀ tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ibinabo ní láti orí kọ́nà lòun ti máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, kó tó dé iwájú ilé, òun á ti gbé omi tíì kaná. Ó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó parí, ó gbà kí wọ́n tú kabúrétọ̀ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní tí tiwọn bá ti dára, kí wọ́n gbé e wá kí òun gbọ́ ọ.

Jàmíù fọ kabúrétọ̀ náà, ó gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí síkúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń dún jẹ́ẹ́. Ìyá Ramlah wà á lọ sí Aba Road. Gbogbo ibi tó ti dúró, kò kú.

Bí wọ́n ṣe ráyè, wọ́n gbé e lọ sí Abuloma. Ibinabo gbé etí sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò jọ ti ọkọ òun, pé tọkọ òun máa ń pariwo jù báyìí lọ nítorí pé sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti lu. Jàmíù rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá ní kí wọ́n bá òun gbé yìnyín ẹja dé etí omi, ó sì jókòó ti Ìyá Ramlah níwájú.

Nígbà tí wọ́n já yìnyín náà tán, Ibinabo kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ pa á,” ni ó fi Pijin wí, “kẹ́ ẹ tún tan án, kí n gbọ́ ọ.”

Ìyá Ramlah pa á, ó sì tún tan án.