Ìpín Tí Ó Kù Lórí Fóònù Onígbàjámọ̀

3.

…tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ dúró kí ó tó parí. Bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ṣe ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú. Á gbé fóònù sí iwájú dígí, láàárín búrọ́ọ̀ṣì àti agolo páúdà. Á jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ó máa sọ̀rọ̀, títí yóò fi ku díẹ̀ kí ó dágbére. Nígbà náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ á balẹ̀.

Kì í jẹ́ kí ó dágbére.


4.

ÌDÍ

Áàpù tí ó fi ń gbọ́ ọ ní òfin kan nígbà náà. Ìpín ètò tí ènìyàn bá gbọ́ dé òpin, áàpù á kó o dànù kí àyè má baà há lórí fóònù. Ìpín tí kò bá tíì parí, ibẹ̀ ni yóò wà títí ayé.

(Títí ayé. Áàpù ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun.)


5.

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè dúró pẹ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì fún àwọn aboyún, ó sì pè é ní *Ọ̀rọ̀ Ìkúnlẹ̀*. Inú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ni ó ti ń gbà á sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí pé wọn kì í ṣí ní ọjọ́ náà. Á fi tówẹ̀lì bo gbogbo dígí kí ohùn má baà ta padà. Á gun orí àga ìgẹrun, á kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Ẹni tí ó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ bí àga náà ṣe ń dún. Yóò gbọ́ omi ẹ̀rọ tí ń kán. Ní ibì kan, yóò gbọ́ ọ tí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé: "Bàbá Àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fáànù yẹn. Àbí ẹ̀yin lẹ lóyún tí ooru ń mú?"


6.

(Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àfọwọ́kọ)

BÍ ÌYÁ BÁ Ń SỌ̀RỌ̀
A KÌ Í SỌ̀RỌ̀ BỌ́Ọ̀LÙ.
A KÌ Í SỌ̀RỌ̀ ÒṢÈLÚ.
ẸNI TÍ IKỌ́ BÁ Ń GBÉ, KÍ Ó BỌ́ SÍTA.


7.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹni mẹ́ta wà nínú ṣọ́ọ̀bù: onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Apárí nítorí pé irun kankan kò sí lórí rẹ̀, àti oníbàárà tuntun kan lórí àga.

ONÍBÀÁRÀ: Bàbá, ẹ má bínú o. Kí ni ẹ̀yin wá gẹ̀ níbí?
APÁRÍ: Mo wá wò ó bóyá ó ti hù.
ONÍBÀÁRÀ: *(ó ń rẹ́rìn-ín)* Háà!
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mú orí dúró. Etí rẹ ni mò ń ṣọ́ yìí.
APÁRÍ: Máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ ńkọ́?
ONÍBÀÁRÀ: Ó wà, sà. Ó lóyún.
APÁRÍ: Ẹsẹ̀ ń wú?
ONÍBÀÁRÀ: Díẹ̀, sà.
APÁRÍ: Orí ń fọ́ ọ? Ojú ń ṣú u?
ONÍBÀÁRÀ: Dókítà ni yín ni, sà?
APÁRÍ: Awakọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí dé ibi pé bí ọmọ bá yọrí ní ẹnu ọ̀nà yẹn, kí Bàbá Àkọ́bí tó rí àlùmọ́gàjí, mo ti gbà á.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ dákẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀.


8.

(Lójú fóònù, ní òwúrọ̀)

Ẹ KÚ ORÍIRE! ÁÀPÙ YÍN TI DI TUNTUN.

✓ Àwọ̀ tuntun, ojú ìwé tuntun!
✓ Ẹ kò ní máa wá ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ káàkiri mọ́. A ti bá yín palẹ̀ rẹ̀ mọ́.
✓ Ìpín tí ó bá ku díẹ̀ kí ó parí, a ti kà á mọ́ èyí tí ẹ ti gbọ́ tán.

Ẹ máa gbádùn ara yín!

[ Ó DÁA ]


9.

Kò sí ibi tí a kọ Rárá sí.

Ó tẹ Ó DÁA.


10.


11.


12.


13.


14.

Ní àkọ́kọ́, ó rò pé òun ni òun ṣì í. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ti gòkè. Ohun tí ó wà lápá ọ̀tún ti di àmì kékeré kan tí ó jọ eyín. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, bí ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé tí ó bá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lára ògiri mìíràn. Áàpù gbé ètò àwọn àjèjì wá fún un: ọkùnrin kan tí ń pariwo nípa òwò, obìnrin kan tí ń kọ́ni bí a ṣe ń sùn.

Lẹ́yìn náà ni ó rántí ìlà kẹta ìkéde náà.

*Ìpín tí ó bá ku díẹ̀ kí ó parí.*

Gbogbo wọn ni ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ẹni tí ń fá irùngbọ̀n ọba.


15.

BÀBÁ: Àkọ́bí mi. Ìyá rẹ ti lọ.
ÀKỌ́BÍ: Bàbá?
ÀKỌ́BÍ: Bàbá, kí lẹ̀ ń sọ? Ṣé ara yín le?
BÀBÁ: Lórí fóònù. Wọ́n ti kó wọn.
ÀKỌ́BÍ: Áà! Ẹ já mi láyà. Ẹ má tẹ nǹkan kan o.
BÀBÁ: Mo ti tẹ̀ ẹ́.
ÀKỌ́BÍ: Ó dáa, ẹ tún wọn gbà láti orí ìkànnì.
BÀBÁ: Ìkànnì wo? Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá a gbé ètò náà jáde ti kógbá sílé. Fóònù tí ó fi ń gba ohùn sílẹ̀, omi ti pa á kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. O mọ̀.
ÀKỌ́BÍ: Kò wá ku ìkankan?
BÀBÁ: Ó ku ẹyọ kan. Èyí tí ó gbẹ̀yìn.
ÀKỌ́BÍ: Kí ló dé tí wọn ò kó ìyẹn?
BÀBÁ: Mi ò gbọ́ ọ dé ìdajì rí. Ibẹ̀ ni ikọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.


16.

Tíṣà ni Àkọ́bí, ní ìlú mìíràn. Yàrá àwọn olùkọ́ ni ó ti ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, ẹfun lọ́wọ́, ìwé àwọn ọmọ níwájú.

Kò gbọ́ ètò náà rí. Ètò aboyún ni. Oyún kan kò sì tíì dúró lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀, kò sì fi ètò náà lọ̀ ọ́ rí.


17.

OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ẹ káàbọ̀! Kí ni mo lè bá yín ṣe lónìí?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ohùn ìyàwó mi padà.
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ṣé ẹ fẹ́ kí ohùn náà yára sí i, tàbí kí ó falẹ̀?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti kú.
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pa á, kí ẹ sì tún un tàn.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ìyàwó mi ni mo ní ó kú.
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ìdáhùn yìí ràn yín lọ́wọ́?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ọmọ ta ni ọ́?
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ìbéèrè yín kò yé mi.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó hàn bẹ́ẹ̀. Gbọ́, ẹyọ kan ló kù. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ẹ ò fi ní kó òun náà?
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ẹ má ṣe ìyọnu! Ní kété tí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, yóò lọ fúnra rẹ̀.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Níbo ni mo ti lè pa òfin yẹn?
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: A ti mú ibẹ̀ kúrò kí áàpù lè rọrùn.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kí ó rọrùn fún ta ni?
OLÙRÀNLỌ́WỌ́ ÁÀPÙ: Ṣé ìdáhùn yìí ràn yín lọ́wọ́?


18.

Ohun tí Apárí rí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e: ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ àwọn tí ń gbọ́ nǹkan. Onígbàjámọ̀ gé ọmọkùnrin kan létí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Apárí ti mọ̀ ọ́n. Apárí dúró títí oníbàárà ìkẹyìn fi jáde.

APÁRÍ: Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Òwe lo wá pa fún mi?
APÁRÍ: Mo ṣì ń bọ̀ níbi tí mò ń lọ. Èyí tó kù yẹn, gbé fóònù mìíràn tì í, kí ìkejì máa gba ohùn ìkíní sílẹ̀. Ṣé o ò rántí bí a ṣe ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ti rédíò ni?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: A jẹ́ pé mo ní láti jẹ́ kí ó parí.
APÁRÍ: Ṣé ìdajì lo fẹ́ fi pa mọ́ ni?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Yóò dágbére.
APÁRÍ: Bàbá Àkọ́bí. Ó ti dágbére.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kò dágbére fún mi. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí n lọ gba èsì àyẹ̀wò ní òkè. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fa aṣọ bò ó.

Apárí fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ dídán.


19.

Ọjọ́ Ajé. Àkọ́bí ti dé. Ó ti fi tówẹ̀lì bo àwọn dígí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù méjì wà lórí tábìlì, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tí ń ta ayò.

ÀKỌ́BÍ: Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré la ní o. Bó bá ti parí, yóò lọ.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo gbọ́.
ÀKỌ́BÍ: Ẹ ò ní sọ̀rọ̀, sà.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ìwọ ni mo bí ni, àbí ìwọ lo bí mi?
ÀKỌ́BÍ: Ẹ má mí sókè.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ṣé kí n kú ni?
ÀKỌ́BÍ: Bàbá.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Tẹ̀ ẹ́.


20.

(Ohun tí ó wà lórí fóònù kejì)

[àga ń dún: ti òní ni tàbí ti ìgbà náà, kò dájú]

ÌYÁ: …bí omi bá ti dà, ẹ má sáré. Ìjayà kì í bímọ. Ẹ mí. *(ikọ́)* Ẹ má bínú. Ayálégbé ni ikọ́ yìí, ó ti wá gbàgbé pé òun kọ́ ló nilé.

[omi ń kán]

ÌYÁ: Ẹ̀yin tí oyún ti bọ́ lára yín, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ mi nígbà mìíràn. Ẹ jókòó. Àyè yín wà níbí.

[ẹnìkan fa imú]

ÌYÁ: Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dúró ti ìyàwó yín. Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi ń pariwo. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú. *(ikọ́, ó pẹ́)*

BÀBÁ: Pẹ̀lẹ́.

[nǹkan kan gbá tábìlì]

ÌYÁ: N ó dúró níbí lónìí. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tún gbúròó mi. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, kì í ṣe ti aboyún. Bàbá Àkọ́bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ —

BÀBÁ: Èmi rèé.

ÌYÁ: ————

BÀBÁ: Èmi rèé, Ìyá Àkọ́bí. Mo ti dé. Wọ́n ní kí n gòkè ni. Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Má tíì —

ÌYÁ: —————— ——

BÀBÁ: — má tíì lọ.

ÌYÁ: Ó dàbọ̀.


21.

(Lójú fóònù kìíní)

Ẹ TI GBỌ́ GBOGBO RẸ̀ TÁN!
Kò sí ohunkóhun níbí mọ́.


22.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kí ló sọ níbẹ̀ yẹn?
ÀKỌ́BÍ: Mi ò gbọ́, Bàbá.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: O jókòó síbẹ̀.
ÀKỌ́BÍ: Ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀, sà.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀.
ÀKỌ́BÍ: Kò ṣeé yọ. Tiyín àti tiwọn ti lọ́ mọ́ra.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: O kọ́ ìwé.
ÀKỌ́BÍ: Mo kọ́ ìwé, Bàbá. Kò ṣeé yọ.

Onígbàjámọ̀ dìde. Ó ń ṣí tówẹ̀lì kúrò lára dígí, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ tẹ ojú wọn kí wọ́n lè dọ́gba.


23.

OHUN TÍ ÈNÌYÀN GBỌ́ NÍBẸ̀

Àkọ́bí: "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ yẹn." (Kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.)

Apárí: ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan. Ó fi ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ búra.

Oníbàárà tuntun, tí ìyàwó rẹ̀ ti bímọ: kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní igbe ọmọ ti di òun létí.

Onígbàjámọ̀:


24.

APÁRÍ: Ó ti parí, ọ̀rẹ́.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo mọ̀.
APÁRÍ: Ó ní ó dàbọ̀.
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo gbọ́ ìyẹn. Ìyẹn nìkan ló mọ́ gaara. Dá a padà.
APÁRÍ: Sí ìbẹ̀rẹ̀?
ONÍGBÀJÁMỌ̀: Rárá. Síbi tó ti pè mí.