Ihò Omi Inú Ilé Páálí

Màmá gbé ife omi, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ilé náà.

"Yéè, Màmá!" Rùkáyátù figbe ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti Ethan ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gé páálí, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Àwòṣe ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ Màmá, ìyá bàbá Rùkáyátù, ní Òkè-Àfà ni. Yàrá yí àgbàlá ká bí agboolé àtijọ́, òrùlé kọjú sí àárín, àgbàlá fúnra rẹ̀ sì jìn kòtò bí abọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa fi síkéètì, pákó ẹlẹ́sẹ̀ táyà mẹ́rin, sáré nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni Gàfárù, ẹ̀gbọ́n bàbá Rùkáyátù, fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ní tirẹ̀. Òní ni Màmá máa sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Gàfárù wo irun Rùkáyátù, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó pa irun láró bí ewé tẹ̀tẹ̀, kí ló mọ̀ nípa ilé kíkọ́?"

Omi tó dágún sáàárín àgbàlá ni Màmá ń wò. Ó fi oríkì Rùkáyátù pè é. "Àdùkẹ́, omi òjò yìí, ibo ló máa gbà jáde?"

Rùkáyátù wo Ethan. Ethan wo ilẹ̀. Gbogbo fọ́tò agboolé tí wọ́n rí, inú oòrùn ni wọ́n ti yà wọ́n.

"A ò rò ó débẹ̀, Màmá."

"Ní agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, ihò wà ní ìdí ògiri. Àwa ọmọdé a máa fi àkísà dí i kí ẹrẹ̀ lè pọ̀. A ó jókòó lé páànù, a ó máa yọ̀ wìì lọ, wìì bọ̀. Wọ́n nà wá títí, a ò jáwọ́."

"Ẹ̀yin, Màmá?" Gàfárù lanu sílẹ̀.

"Àbí arúgbó ni wọ́n bí mi?"

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Rùkáyátù ò mọ̀ pé irú àkísà báyìí wà lára tàwọn àgbà.

Ethan fi bírò dá ihò sí ìdí ògiri páálí. Omi ṣàn jáde, ó gba orí tábìlì, ó sì kán sí ṣòkòtò Gàfárù. Ó fò dìde. Òun gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Gàfárù, àyè ṣọ́ọ̀bù méjì ní ojú títì ilẹ̀ náà ti tó ọ," ni Màmá wí. "Àwọn ọmọ ló ni ìyókù." Ó tẹ̀ sí etí Rùkáyátù. "Ẹ má dí ihò yẹn láéláé. Ìgbà tí a dí i kẹ́yìn, ògiri ló wó. Títí dòní, wọ́n rò pé òjò ni."

Rùkáyátù wo páálí tó ti rin. Ó ti ń rò pé òun àti Ethan ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa sáré yíyọ̀ nínú agboolé. Ó fa páálí tuntun yọ, ó gbé e síwájú Màmá.

"Màmá, báwo ni àgbàlá tiyín ṣe jìn tó?"