Ẹ Lajú, Sà

Etí ni mo fi ṣe iṣẹ́ dókítà láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Tí mo bá ti ki rọ́bà bọ etí, tí mo gbé irin rẹ̀ lé aláìsàn láyà, tí mo sì dijú, kò sí àṣírí tí ọkàn rẹ̀ lè pa mọ́ fún mi. Elétí Ehoro làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Etí ọ̀hún ti ń di díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi, tó jẹ́ àgbà nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù wa, nìkan ló sì mọ̀. Mo ti sọ fún un pé bí oṣù yìí bá ti parí, màá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó ṣèèṣì pa ọmọ ọlọ́mọ. Kò sùn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n ní kí gbogbo àwa àgbà dókítà àti nọ́ọ̀sì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wo inú ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Inú bí mi. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ wa kò tó àbígbẹ̀yìn mi, ẹ̀rọ tó gbé dání ò sì ju báàgì obìnrin lọ. Ó ní ara wa la máa fi kọ́ ọ, kí ẹnì kan bọ́ ẹ̀wù kó dùbúlẹ̀. Àwa tá a ń pàṣẹ "bọ́ṣọ" fún gbogbo ayé, àjà la tẹjú mọ́!

Ìyàwó mi pòṣé. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ojú ń tì yín, àbí?" Ó gun bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá Dókítà, ó yá, ẹ wá yẹ̀ mí wò."

Olùkọ́ wa da jẹ́ẹ̀lì tútù sí i láyà. Mo gba orí ẹ̀rọ náà, mo gbé e sábẹ́ ọmú òsì, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo tẹrí ba, mo dijú, mo ń retí.

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ lajú, sà," ni olùkọ́ wa wí sókè. "Eléyìí ò ní sọ̀rọ̀ fún yín. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Mo lajú tìbínú-tìbínú. Háà! Ìbínú ọ̀hún pòórá. Yàrá mẹ́rin rèé lójú ẹ̀rọ, tí àwọn ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣí, tí wọ́n ń tì, láìsinmi, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìró tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, àwọn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, mo ti rí i nínú àwòrán tí ẹlòmíì yà, ṣùgbọ́n n kò rí i lábẹ́ ọwọ́ ara mi rí. Ọkàn tó gbé oyún ọmọ mẹ́ta, tó tún fara da ìbínú mi, òun ló ń ṣiṣẹ́ níwájú mi yìí. Ẹ̀rù Ẹlẹ́dàá bà mí. Omi bọ́ lójú mi.

"Kí lẹ rí, sà?" ni olùkọ́ wa bi mí.

"Àwọn ilẹ̀kùn ń tì dáadáa. Kò sómi láyìíká ọkàn. Ó ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ."

Ó mi orí. "Àṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ojú nìkan lẹ dì."

Ìgbà náà ni ètè ìyàwó mi mì. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tí mo rí ni ọkàn rẹ̀ tó ki eré mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Kí lo wí?"

Ó pariwo, gbogbo yàrá sì gbọ́: "Mo ní, ṣé ẹ ṣì máa fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù?"

"Rárá o," mo ní. "N kò lọ síbì kankan mọ́."

N kò gbé ọwọ́ kúrò láyà rẹ̀. Mo ń wò ó títí eré náà fi rọlẹ̀.