Ẹsẹ Kejì Orin

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò, gbogbo ìjọ dìde, aránṣọ nìkan ló jókòó.

Àlùfáà ló ní kí gbogbo ẹni tó máa dìbò fún ọmọ ìjọ wọn tó ń du ipò dìde, kí àwọn jọ gbàdúrà fún un. Ọkùnrin tó ń du ipò náà wà níwájú, ó wọ aṣọ funfun. Àbúrò tíṣà ni. Tíṣà yìí àti aránṣọ ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ láti ogún ọdún, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí. Aránṣọ kò mọ̀wé. Tí orin bá kàn, tíṣà á ṣí ìwé orin sí àárín àwọn méjèèjì, á máa sọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí kó tó kọ ọ́.

Tíṣà fa aṣọ aránṣọ. "Dìde, jàre. Àbí ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

"Ẹsẹ̀ mi le ju tìẹ lọ."

"Ṣé àwọn ẹgbẹ́ kejì yẹn lo máa wá dìbò fún? Àwọn jàǹdùkú yẹn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Àwọn náà ò kúkú sàn."

"Nítorí tèmi, dìde."

Aránṣọ wo ọwọ́ tíṣà. Ọwọ́ yìí ló gba ọmọ-ọmọ aránṣọ nígbà tí wọ́n bí i sínú ọkọ̀, lẹ́bàá títì, lọ́dún tí àbúrò tíṣà kọ́kọ́ wà nípò, tó sọ ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò di ọ́fíìsì ara rẹ̀. Ìborùn ara rẹ̀ ni tíṣà fi wé ọmọ náà. Àwọn méjèèjì mọ ìdí tí wọ́n fi wà ní títì lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò sọ ọ́ rí. Ẹyin lọ̀rọ̀. Aránṣọ rọra sọ ọ́:

"Màá gbàdúrà fún un, tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n aboyún ṣì pọ̀ ládùúgbò, ọ̀rẹ́ mi."

Tíṣà fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ṣe àmín. Dúrù bẹ̀rẹ̀, aránṣọ wá dìde fún orin. Tíṣà ṣí ìwé, ó gbé e sí àárín àwọn méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò fẹnu sún mọ́ etí aránṣọ. Iwájú ló ń wò.

Ẹsẹ kìn-ín-ní nìkan ni aránṣọ mọ̀ sórí. Ó kọ ọ́ tagbára-tagbára. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, ó tẹjú mọ́ ìwé náà, níbi tí àwọn lẹ́tà tò sí bí ipa abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó pa ẹnu dé, ó ń kùn ohùn orin náà lábẹ́lẹ̀ títí ó fi tán.