Ìdáhùn Tí A Gé Kúrò

Houlératou ti ń tú kọ́kọ́rọ́ yàrá abẹ́rẹ́ àjẹsára kúrò létí ìró rẹ̀ nígbà tí Moucharafou tan kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Bantè. Ohun tó torí rẹ̀ wá láti Savalou kò ju kí ó tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà sórí ìwé, kí Inoussa, ọ̀gá wọn, lè buwọ́ lùwé tí yóò lé obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 1999 yìí náà ni Moucharafou fúnra rẹ̀ so ẹ̀rọ Savalou àti ti Bantè pọ̀ lórí okùn tẹlifóònù. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹ̀rọ Savalou ránṣẹ́ pé abẹ́rẹ́ ń bọ̀ lọ́la, kí wọ́n tan fìríìjì oníkẹrosíìnì. Ẹnikẹ́ni kò tan án. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ abúlé Akpassi bàjẹ́ sínú ooru. Houlératou ní òun kò rí iṣẹ́ kankan gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Savalou ti kọ ọ́: "Ó ti dé." Moucharafou sọ lójú gbogbo èèyàn pé ẹ̀rọ kì í purọ́, èèyàn ló ń sùn.

"Ṣé ẹ ti rí i, ọ̀gá ẹ̀rọ?" Houlératou bi í. "Àbí òun náà ń sùn?"

Inoussa rẹ́rìn-ín. Moucharafou kò rín. Ó ti wo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. *Ajé, aago mẹ́wàá: okùn já. Kò sí ohun tó wọlé.*

Nínú ìwé tó fi kọ́ iṣẹ́ yìí nípasẹ̀ lẹ́tà, láìfojú kan olùkọ́ rí, ìlànà kan wà fún àwọn ẹ̀rọ tó ń bára wọn sọ̀rọ̀: èyí tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun gbà á, bí ìdáhùn kò bá dé, kí èyí tó ránṣẹ́ tún un rán. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ń jẹ àkókò, òun kò sì fẹ́ràn ìfiṣòfò. Ó gé e kúrò. Ó ní kí ẹ̀rọ Savalou máa kọ "Ó ti dé" ní kété tó bá ti ránṣẹ́. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rù rẹ̀, ó sọ ohun tó ní kó sọ.

Ìlà kan péré ni àkọsílẹ̀ okùn tó já náà. Ní Bantè, kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á. Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì ìparẹ́.

"Mo ti lọ bẹ àwọn ìyá ọmọ ní Akpassi," Houlératou sọ, ó ń gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Kí lẹ wí fún wọn?" Moucharafou bi í.

"Mo ní bóyá mo sùn lóòótọ́."

Moucharafou gbé ìka rẹ̀ kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ má buwọ́ lù ú. Wọn ò sùn. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ náà ní irọ́."

Inoussa gbé bíìkì tó fẹ́ fi buwọ́ lùwé sílẹ̀. Houlératou kò yọ̀, kò sì bú u.

"Ta ni yóò wá sọ fún àwọn ìyá náà?" obìnrin náà bi í.

"Èmi ni."

"Ọ̀dọ̀ ta lẹ máa yà sí, bí ẹ bá dé ọ̀hún?"

Moucharafou mọ iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò lórí okùn. Nínú àwọn ọmọ tí a ń torí wọn ránṣẹ́, kò mọ orúkọ ẹyọ kan.